Ojú Idán Souradjou Alágbàfọ̀

Ní àdúgbò Akron, ẹni tó bá fẹ́ fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀, kó lọ kí Souradjou alágbàfọ̀ kú àárọ̀. Yóò bá a níwájú ilé, níbi tó ti ń fi ìlọṣọ oníná ẹyín gun ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ alágídí. Yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Souradjou kò ní dáhùn. Yóò tún un wí. Souradjou yóò bu omi sẹ́nu, yóò fẹ́ ẹ sórí aṣọ, fùú, bí ẹni pé ìkíni ọ̀hún gan-an ló ń tu dànù, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó kí i yóò kọjá, yóò máa hó nínú bí ìkòkò ẹ̀wà. Kó tó dé ìkóríta, èpè á ti jinná.

"Kí la fi ṣe ọkùnrin yìí ná?" ni gbogbo Akron ń bi ara wọn.

Ẹnikẹ́ni kò fi ohunkóhun ṣe é. Etí ni kò jẹ́. Etí Souradjou ti kú, òun nìkan ló sì mọ̀ pé òkú wà nílé.

Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo kan bí ìgbà tí oyin bá wọ inú agbè. Nígbà tí oyin náà máa fi jáde, ó ti kó ohùn ayé dání lọ. Ti ọ̀tún tẹ̀lé e wẹ́rẹ́, bí ìyàwó kékeré tó ń tẹ̀lé ìyáálé lọ sóde. Ohun tó kù fún un nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn kò ju ìkùnsínú kan lọ, bí ohùn ẹni tó jìn sí kànga. Ẹnu ló ń wò, ó sì ń méfò. Nígbà mìíràn á bọ́ sí i, nígbà mìíràn á bọ́ sínú kòtò.

Èéṣe tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ó ti rí ohun tí ojú Daouda, adití àdúgbò Tokpota, ń rí. Àwọn ènìyàn á máa bú Daouda pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, Daouda náà á máa rẹ́rìn-ín, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Souradjou rò ó lórí ẹní rẹ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n máa bínú òun. Ó mú ìbínú. Ìbínú ní iyì díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ká ojú rẹ̀ kọ́ bí aṣọ tí kò tíì rí ìlọṣọ, kò sì tú u sílẹ̀ fún ẹ̀dá kankan.

Ẹ̀dá náà ò sì fi sílẹ̀ fún un. Ẹ mú Fọlárìn, akọ̀wé, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba ní Kútọnu, tí wọ́n ní ayé ti yí padà, tí wọ́n ní kò sí ọ̀gá kò sí ẹrú mọ́, kàmáràdì ni gbogbo wa, Fọlárìn ti di ọ̀gá àwọn kàmáràdì ní Akron. Òun ni olórí kọ̀mítéè àdúgbò. Nígbà tí ìwọ́de ńlá kan ń bọ̀, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún Souradjou, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmídọ̀n sí ọrùn rẹ̀ o, ó máa ń bó mi lára." Souradjou rí "àmídọ̀n" lẹ́nu rẹ̀, ó rí "ọrùn". Ó rò pé ìyókù kò lè ṣòro. Ó po àmídọ̀n tó ń mú aṣọ le bí ẹni po ẹ̀kọ, ó fi rẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi le bí pákó ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìwọ́de, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn yí orí sápá ọ̀tún, níbi tí àwọn ènìyàn ńlá jókòó sí. Orí Fọlárìn kọ̀, kò yí. Ó yí gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù, ó jáde kúrò lórí ìlà, ó sì tẹ ọ̀gá onífèrè lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí Fọlárìn bá gbọ́ orúkọ Souradjou, ńṣe ló máa ń fọwọ́ pa ọrùn.

Ṣùgbọ́n ti Fọlárìn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Honorine.

Honorine ni ìyàwó àbúrò Souradjou tó ti dolóògbé. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Souradjou nínú agboolé kan náà. Ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Ọ̀run ni: aṣọ rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàtà, ẹnu rẹ̀ kún fún ata. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í bú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lójúkojú. Èèwọ̀ ni. Àwọn ìyá wa ló mọ bí a ti í yí èyí ká: wọ́n á wá ẹran ọ̀sìn kan, wọ́n á dojú èébú kọ ọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á sì gbọ́ tirẹ̀. Honorine ní òbúkọ kan. Ní àràárọ̀, tí Souradjou bá ti kọ ìkíni rẹ̀, á yíjú sí òbúkọ yìí.

"Ìwọ ẹran yìí! A kí ọ, o ò jẹ́! Irùngbọ̀n rẹ funfun, ìwà rẹ dúdú! Òórùn rẹ ń lé àlejò, síbẹ̀ ìwọ lo tún ń gbé imú sókè! Ọlọ́run mà ṣe é o, ó fún ọ ní ìwo, kò fún ọ ní ọpọlọ! Ọjọ́ tí wọ́n bá dúńbú rẹ, èmi ni n ó gún ata!"

Souradjou á gbójú sókè láti ẹ̀yìn ìlọṣọ, á rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, tí ó tẹ̀ba síwájú òbúkọ. Á ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Obìnrin yìí mà fẹ́ràn ẹran yìí o. Kò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ tó báyìí rí." Nígbà mìíràn á mi orí sí i, bí àgbà tí inú rẹ̀ dùn sí nǹkan tó rí. Èyí ló ń pa Honorine. Èébú tó ti fi gbogbo òru hun, tó gún régé, ọkùnrin náà á mi orí sí i!

Ohun kan ṣoṣo ní ayé tí Souradjou kò bínú sí ni ràdíò rẹ̀. Faransé kan tó ń fọ aṣọ fún ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Onípákó ni, ó tóbi bí àgò adìyẹ, iná ìjọba ló ń mu. Ní iwájú rẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ti ń yí i, ojú kan wà, ojú dígí róbótó, tó ń tàn bí àwọ̀ ewé. Bí ilé-iṣẹ́ ràdíò kan bá wọlé dáadáa, ojú náà á pa ìpéǹpéjú dé. Bó bá sọnù, á là sílẹ̀. Ojú ológìnní ni Souradjou ń pè é.

Nígbà tí etí ṣì wà, Ìbàdàn ló máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí sákárà. Nígbà tí etí lọ, ó gbé àgbọ̀n lé orí pákó ràdíò, ìlù ń gba inú egungun wọlé sí i díẹ̀díẹ̀, òun sì tẹjú mọ́ ojú ológìnní, níbi tó ti ń gbọ̀n bíńtín. Àgbọ̀n àti ojú yìí ló fi ń jẹ orin, bí ẹni tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀ tó ń lá ọbẹ̀. Kò yó o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé oúnjẹ wà láyé.

Nínú oṣù Àwẹ̀, ojú ológìnní kú. Ó pa dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò là mọ́.

Souradjou kò jẹun ní ìṣínu ọjọ́ náà. Nígbà tí ọdún Ìtúnu kọjá, ó fi ràdíò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó so ó mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá, ó sì gba ọ̀nà Adjarra lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, lẹ́yìn àwọn tó ń gbẹ́ ìlù, Soulé wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ràdíò ṣe. Soulé tú ẹ̀yìn ràdíò, ó súfèé.

"Bàbá, œil magique yín ló kú."

"Kí ni?"

"Œil magique! Ojú yìí! Báyìí ni àwọn òyìnbó ń pè é. N kò ní in nílẹ̀. Ó di kí n ránṣẹ́ sí Nàìjíríà."

Souradjou wò yíká, ó fà mọ́ ọn. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ó máa jó."

"Kí ó máa kí ni?"

"Kí ó máa jó! Èyí àtijọ́ kàn ń wò ni, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Mo fẹ́ kí ó máa tẹ̀lé orin. Bí ìlù bá wúwo, kí ó pa dé. Bí ìlù bá dákẹ́, kí ó là."

Soulé ronú. Ó ní ó ṣeé ṣe. Pé dípò kí òun so ojú náà mọ́ ibi tí wọ́n ń so ó mọ́, òun á fa okùn rẹ̀ láti ibi tí ohùn ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ojú wo orin ṣe? Ẹ ò ní etí ni?"

Èyí, Souradjou rí i lẹ́nu rẹ̀ kedere. Ojú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí Soulé fi sọ okùn iná tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀.

"Tún ràdíò ṣe," ni Souradjou wí. "N kò ní kí o tún mi ṣe."

Ọdún yẹn gan-an, ẹ má gbàgbé, ni ìjọba ń gbógun ti àwọn oṣó àti àjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Arúgbó tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ilé ẹni, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó ń pè. Àsìkò yẹn kọ́ ló yẹ kí ènìyàn máa kó ohun tó ń tàn lálẹ́ wọlé.

Mouibatou, oníṣòwò ata tó máa ń ná ọjà Adjarra, ni Soulé fi iṣẹ́ rán. Ó ní kó sọ fún Souradjou pé œil magique rẹ̀ ti dé.

"Kí nìyẹn ní èdè tiwa?" ni Mouibatou bi í.

Ọwọ́ Soulé dí. Kò gbé orí sókè. "Œil, ojú. Magique, idán. Ojú idán."

Mouibatou gbé e sórí bí ó ti gbà á, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dúró ní òdìkejì títì ní Akron, agbọ̀n ata lórí, ó ní, "Bàbá Souradjou, ojú idán yín ti dé o."

Souradjou ń lọ aṣọ.

"Bàbá! Mo ní ojú idán yín ti dé!"

Ìlọṣọ ń lọ, ìlọṣọ ń bọ̀. Mouibatou kì í ṣe obìnrin tí wọ́n ń dákẹ́ mọ́ lórí. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì lọgun tí adìyẹ fi fò:

"OJÚ IDÁN YÍN! Ó TI DÉ LÁTI NÀÌJÍRÍÀ!"

Gbogbo ojú fèrèsé tó wà ní títì náà là. Souradjou gbé orí sókè. Ó rí "ojú", ó rí "dé". Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ọdún mẹ́ta ṣẹlẹ̀: Souradjou rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò gbọ́ràn kì í mọ bí ohùn ara rẹ̀ ti ga tó. Òun náà fi ariwo dáhùn.

"Ó ti dé? Àlùhàmùdùlíláì! Èyí àtijọ́ ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ láti inú Àwẹ̀! Ṣé ó ń jó?"

"Kí ló ń jó?"

"Ojú náà! Mo ti sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ máa jó! Ní alaalẹ́! Èmi àti òun nìkan la ó jọ máa wà nínú yàrá!"

Mouibatou gbé agbọ̀n rẹ̀. Kò dágbére. Wọ́n ní ata já bọ́ ní ọ̀nà títí dé ilé rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á.

Honorine wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa òbúkọ rẹ̀ wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí Souradjou tó ń bọ̀ láti Adjarra, ohun kan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun dì bí òkú ọmọdé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tan ràdíò, ó wá Ìbàdàn, ó sì dúró.

Ojú náà là. Ó tún pa dé. Ó là, ó pa dé, ó là. Souradjou gbé ọwọ́ lé àyà. Ìlù nìyẹn! Ó rí akọ ìlù, ó rí abo rẹ̀. Nígbà tí olórin gbé ohùn, ìmọ́lẹ̀ náà rọra fún bí ẹni tó ń di ojú nítorí adùn. Nígbà tí agbè dá sí i, ó ń ṣẹ́ wìrì wìrì bí ẹja kéékèèké nínú odò. Souradjou jókòó síwájú rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, kò sì mọ̀ pé omi ń jáde lójú òun àfi nígbà tó kán sí i lọ́wọ́. Ó bínú sí omi náà, ó nù ún kúrò.

Láti òdìkejì agboolé, Honorine rí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé kan tó ń fẹ́ tó ń fún lára aṣọ fèrèsé Souradjou, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ka Orin Dáfídì kan, ó tún un kà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò dúró mu kọfí. Ilé Fọlárìn ló lọ.

Fọlárìn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fọwọ́ pa ọrùn, ó ní, "Ẹ ṣeun, kàmáràdì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn milísì méjì, ọmọ-ogun àdúgbò tí ìjọba yàn, wá dúró níwájú tábìlì ìlọṣọ. Wọ́n kí i bí òfin ti wí: "Prêt pour la Révolution!", pé ẹni ti ṣetán fún Àyípadà. Ìdáhùn rẹ̀ ni "La lutte continue!", pé ìjà ń tẹ̀síwájú, ọmọdé ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Souradjou fẹ́ omi sórí aṣọ, fùú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ bà lára bàtà ẹni tó ṣe ọ̀gá nínú wọn.

Bí wọ́n ti gbé òun àti ràdíò rẹ̀ lọ sí àgbàlá Fọlárìn nìyẹn, tí ìdajì Akron sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé ràdíò lé orí àga bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní kí Souradjou dúró.

Fọlárìn wú ikọ́. "Kàmáràdì Souradjou, wọ́n ní ẹ ní ojú idán. Kí lẹ rí sọ?"

Souradjou wo ẹnu rẹ̀. Irun mú lókè ètè Fọlárìn ti pọ̀ jù, ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó méfò. "Yóò yá lọ́la," ni ó wí.

Àwọn ènìyàn sún sẹ́yìn. "Kí ni yóò yá lọ́la?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ó ku kí n na án."

"Ta lẹ fẹ́ nà?" Fọlárìn ti dìde. "Ẹ wò ó, ẹni tó sọ ọrùn mi di pákó níwájú gbogbo ìlú, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó tún máa halẹ̀ mọ́ kọ̀mítéè!"

Honorine jáde síwájú, aṣọ funfun rẹ̀ ń dán. Lójú ìpàdé, ó sọ èyí tó rí àti èyí tó gbọ́: ojú tó wá láti Nàìjíríà, tó ń jó lálẹ́, ojú àtijọ́ tó kú nínú Àwẹ̀, ọkùnrin tí kò jẹ́ ìkíni ẹnikẹ́ni. "Ta ni kì í jẹ́ ìkíni ọmọ ènìyàn?" ó ní. "Ẹni tó ní ẹlòmíràn tó ń bá a sọ̀rọ̀! Oṣó ni!"

Ètè Honorine kò ní irun mú. Souradjou rí ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ká róbótó lẹ́ẹ̀mejì. Oṣó. Ó wá yé e, ìdí tí gbogbo wọn fi dúró jìnnà sí òun bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rò pé ẹ̀rù bà á. Ẹ ò mọ Souradjou! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fi oṣó rẹ́rìn-ín? Ta ló ń bú oṣó lójú? Bí wọ́n bá ní oṣó ni òun, wọ́n á máa yà fún òun lọ́nà, kò ní sí ẹni tí yóò bi òun léèrè etí láéláé. Ó ti ń mi orí bọ̀, ó kù díẹ̀ kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ rí i? Ó ń jẹ́wọ́!" ni Fọlárìn ké. "A ó gbé e lọ sí Kútọnu. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ojú yẹn kúrò lára ràdíò."

Ọ̀kan nínú àwọn milísì yọ ọ̀bẹ, ó ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ dígí.

"Ẹ má yọ ọ́!" Souradjou fò síwájú, ó fi àyà bo ràdíò. "Ẹ má yọ ọ́! Etí mi ni!"

Milísì náà fa ọ̀bẹ sẹ́yìn.

"Ojú ni etí yín?" ni Fọlárìn bi í.

Souradjou kò wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ náà jáde bí eyín tí wọ́n fi ẹ̀mú fà. "Adití ni mí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí idán nínú rẹ̀. Bí orin bá ń lọ, ó ń jó, mo sì ń wò ó. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ wá rẹ́rìn-ín."

Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Kò ṣì wọ́n mọ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó yípo àgbàlá. Ẹnì kan gbé bàsíà onírin lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọmọ odó lù ú, gbàǹgbà! Àwọn tó wà níwájú di etí. Souradjou kò ṣẹ́jú. Wọ́n tún un lù. Fọlárìn fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sọ ohun kan nípa ìyá alágbàfọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì mọ̀, Souradjou sì dúró jẹ́jẹ́ bí ọ̀pá iná. Wọ́n tan ràdíò. Ó tẹjú mọ́ ojú náà, ó ń sọ fún wọn pẹ̀lú ìkórìíra nínú ohùn rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó tó. Orin ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ló ń dá a, ohùn rẹ̀ tínrín." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Honorine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró níwájú Souradjou, ọwọ́ ní ìbàdí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Láti ìgbà wo?" Ó rọra sọ ọ́, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà. "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà wo lẹ ò ti gbọ́ràn?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

"Gbogbo ohun tí mo ń sọ fún òbúkọ, ẹ ò gbọ́ ọ?"

Souradjou wò ó, ó yà á lẹ́nu. "Kí lo ń sọ fún un? Mo rò pé ìfẹ́ ni."

Honorine fi igbe bọnu. "Ọdún mẹ́ta! Ìwà dúdú, kò gbọ́! Ìwo láìsí ọpọlọ, kò gbọ́! Ẹran lásán ló gbọ́ gbogbo rẹ̀! Ẹ gbà mí o, ọkùnrin yìí ti jí èébú mi gbé!" Ó fi etí aṣọ funfun nu ojú, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá àánú ló ń sun ún ni tàbí òfò.

Ó wá ku Fọlárìn. Ẹni tó ti kó ìdajì àdúgbò jọ nítorí oṣó kò lè kàn ní kí wọ́n máa lọ ilé. Ó kún sókè. Ó ní ìwádìí kọ̀mítéè ti fi hàn pé oṣó kọ́ ni, adití ni, kò sì sí òfin tó de adití. Ṣùgbọ́n ràdíò tó tóbi tó báyìí, nínú ìjọba ará ìlú, kò lè jẹ́ ti ẹnì kan. Yálà kí wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì kọ̀mítéè, tàbí kí ó máa wà lọ́dọ̀ Souradjou, kí gbogbo àdúgbò máa péjọ síwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Àyípadà láti Kútọnu.

Souradjou ní kí ó tún un sọ, kí ó sì gbé irun mú kúrò lẹ́nu. Fọlárìn fi ìka gbé e sókè, ó tún un sọ. Souradjou gbé ràdíò rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ máa bọ̀," ó wí, bí ẹni tó ń pe eéwo.

Ọ̀sẹ̀ náà burú fún un ju bó ti rò lọ. Àwọn tí kò kí i mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Wọ́n á gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, wọ́n á tu itọ́ sí i: "Ẹ KÁÀÁRỌ̀ O!" Wọ́n á máa ju apá bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá á máa fi ìka ya ṣòkòtò sójú ọ̀run fún un, bí ẹni pé ojú rẹ̀ náà ti fọ́. Ìbínú tó ti ń díbọ́n láti ọdún mẹ́ta wá di òótọ́. Ó ń dùn mọ́ ọn díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Wọ́n wá: ẹni gbé àpótí, ẹni tẹ́ ẹní, Fọlárìn lórí àga kan ṣoṣo tó ní ẹ̀yìn, Honorine lẹ́bàá ògiri, ó yíjú sápá kan. Souradjou gbé ràdíò síta, ó tan Kútọnu, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gùn. Olùsọ̀rọ̀ náà ń fi Faransé la ọ̀nà tí ilẹ̀ wa yóò gbà; ọ̀nà náà kò sì lópin. Fọlárìn ń mi orí. Àwọn ìyókù ń mi orí nítorí pé Fọlárìn ń mi orí. Lára ràdíò, ojú náà là sílẹ̀ gbàgà, ó ń gbọ̀n díẹ̀ níhìn-ín, ó ń gbọ̀n díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn tí kò rí ibi sùn. Souradjou fara dà á. Ó tún fara dà á. Ó wá na ọwọ́.

"Èyí kò jó," ó wí sókè, ó sì yí i kúrò ní Kútọnu.

"Kàmáràdì!" ni Fọlárìn ké.

Souradjou ń wá ọ̀nà láàárín ariwo àwọn ilé-iṣẹ́ ràdíò tí kò gbọ́, ojú rẹ̀ lára ojú náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Kàmáràdì Souradjou! Ẹ dá Kútọnu padà! Ohun tí ẹ ń ṣe yìí, ẹ̀ṣẹ̀ sí Àyípadà ni!"

Sákárà bú jáde láti Ìbàdàn. Ojú náà pa dé, ó là, ó ti bẹ̀rẹ̀. Fọlárìn fò kúrò lórí àga, ó yí wá síwájú, ó fẹ́ kí Souradjou rí ẹnu òun. Ṣùgbọ́n Souradjou ti sún mọ́ ràdíò tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fi kan pákó. Kò sí àyè tí ẹnu Fọlárìn lè gbà wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún, kò rí i; ó bẹ̀rẹ̀ sósì, kò rí i. Ó yíjú sí àwọn milísì; ọ̀kan nínú wọn ń wo ọ̀run, èkejì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Lẹ́bàá ògiri, èjìká Honorine gbéra díẹ̀. Fọlárìn tẹjú mọ́ ọn.

"Eṣinṣin ló bà lé mi," ni Honorine wí, èjìká kejì náà sì gbéra.